Ẹni Tí N Kò Mú Lọ Gba Abẹ́rẹ́

Kò sí ọkùnrin kan létí odò Lọ́kọ́ja nígbà tèmi tó mọ inú omi jù mí lọ. Mo lè sọ ọ́ níwájú ẹnikẹ́ni. Ìwé kejì ni mo kà kí bàbá mi tó ní kí n wá gbé ọkọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ka ìwé wọn parí kò lè ka ohun tí mo ń kà lójú Odò Ọya. Iṣẹ́ mi ni kí n dúró síwájú ọkọ̀ omi ìjọba pẹ̀lú ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ọ̀dà pupa àti funfun sàmì sí lára, kí n máa tì í bọ omi, kí n sì máa ké bí omi ṣe jìn tó sí ọ̀gá ọkọ̀ létí. Tápà ni ọ̀gá náà, ó ti ń wa ọkọ̀ kí ìyá mi tó bí mi, síbẹ̀ tí n kò bá tíì ké, kì í lọ síwájú. Nígbà ẹ̀rùn, tí iyanrìn bá yọ ẹ̀yìn síta bí ọ̀nì, ọkọ̀ àwọn oníṣòwò á há sórí rẹ̀, á wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, àwọn èrò á máa sè, á máa jẹ lórí omi. Tiwa kò há rí nígbà tí èmi bá wà níwájú. Ẹ lè bi ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ́ kù nínú wọn.

Mo sọ èyí ṣáájú kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀, kí ẹ má baà rò pé òmùgọ̀ kan ló jókòó tó ń sunkún ara rẹ̀. N kì í ṣe òmùgọ̀. Bóyá ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà máa jà mí títí di òní.

Ó ku bí ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kí òmìnira dé. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọmọ Ọwọ́rọ̀ ni bíi tèmi, láti abúlé tó tẹ̀lé tiwa lẹ́yìn òkè, obìnrin tó pupa rẹ́súrẹ́sú, tí ohùn rẹ̀ kò ga, àmọ́ tí kì í gbàgbé ohun tí a bá sọ. Obìnrin ni ọmọ náà. Inú mi dùn. Mo ní ọkùnrin á tẹ̀lé e, mo sì ti mọ orúkọ tí n óò sọ ọ́. Orúkọ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa nígbà náà, tí obìnrin bá ti bímọ, ọkọ rẹ̀ ti di àlejò nínú yàrá rẹ̀. Ọmọ gbọ́dọ̀ rìn, ó gbọ́dọ̀ fi ọmú sílẹ̀, kí ọkọ tó padà. Ó lè jẹ́ ọdún méjì, ó lè lé. Wọ́n ní omi ọkùnrin máa ń ba ọmú jẹ́, pé ọmọ á máa ṣu, á máa rù, orí rẹ̀ á tóbi, ọrùn rẹ̀ á tínrín. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá kú, wọn kì í sọ pé àìsàn ló pa á. Wọ́n á ní bàbá rẹ̀ ló pa á. Mo mọ ọkùnrin kan lábúlé wa tí ìyàwó rẹ̀ lóyún nígbà tí ọmọ ọwọ́ rẹ̀ kò tíì hu eyín mẹ́rin. Abọ́mọdumú, ẹni tó ń bá ọmọ du ọmú, ni wọ́n ń pè é títí ó fi darúgbó. Tó bá dé ibi tí wọ́n ti ń mu ẹmu, ẹnì kan á ní, “Ẹ gbé igbá yín mọ́ra o, Abọ́mọdumú ti dé, kì í wo ojú ọmọdé.” Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín. Mo kéré, mo sì wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín yẹn, mo ní èmi kọ́.

Nítorí náà ìyá mi wá láti abúlé láti máa sùn ti ìyàwó mi, bó ṣe yẹ kí ìyá ọkọ ṣe. Èmi bọ́ sí yàrá iwájú. Mo fara dà á. Oṣù mẹ́jọ, mo fara dà á dáadáa nínú ilé.

Nínú ilé ni mo wí. Obìnrin kan wà ní èbúté kan nísàlẹ̀ odò, ó ń ta ẹja yíyan fún àwa òṣìṣẹ́ ọkọ̀. Ígálà ni, ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, èyí tó fi ń bú ẹni tó bá dúnàádúrà ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sí ẹni tó fi ìyẹn bú mi, ìyá mi pàápàá kò bú mi. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ń tọ́mọ, tó sì ń rin odò, gbogbo ayé mọ ohun tó ń ṣe. Nínú ilé nìkan ni èèwọ̀ wà.

Àbúrò ìyá mi kú lábúlé. Ìyá mi lọ síbi òkú, ó lo ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ kejì tó lọ, ọkọ̀ wa gúnlẹ̀ ní ọ̀sán. Òjò ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ya odò kejì sílẹ̀ láti ojú ọ̀run, Òkè Pàtí tó ga lẹ́yìn ìlú kò hàn rárá. Mo dé ilé, mo tutù rinrin. Ìyàwó mi gbé omi gbígbóná fún mi, ó gbé oúnjẹ, ó jókòó ti ilẹ̀kùn, ọmọ ń sùn. A ń sọ̀rọ̀. A kò tíì jókòó sọ̀rọ̀ báyìí láti ìgbà tó ti bímọ, nítorí ìyá mi máa ń wà láàárín wa. N kò fi ipá mú un. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn. Ẹ̀rù ló kàn bà á lẹ́yìn náà. Ó gbé ọmọ, ó ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù.

Ó ní, “Baba ọmọ mi, tó bá bẹ̀rẹ̀ sí ṣu ńkọ́?”

Mo ní ẹ̀ẹ̀kan kì í ba ọmú jẹ́. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe ń ké jíjìn omi, tí kò sí ẹni tó ń já mi nírọ́. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni láyé. Mo ní ta ni n óò sọ fún.

Ọmọ náà kò ṣu. Ó ti lé ní ọdún méjìlá báyìí, ó sanra, ó ń gbó mi lẹ́nu. Ohun tí à ń bẹ̀rù gan-an kò ṣẹlẹ̀ rárá.

Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, ìtọ̀ mi di iná. Mo dì mọ́ irin ọkọ̀ ní ẹ̀yìn, omi bọ́ lójú mi. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì rí mi, ó pe àwọn yòókù wá wò mí, wọ́n ń kí mi kú oríire. Ó ní, “Òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ odò. Títí di àná, ọmọ ilé-ìwé la kà ọ́ sí.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wo àtọ̀sí láàárín wa. Ẹni tí kò bá ṣe é rí, wọ́n á ní ilé ìyá rẹ̀ ló ti ń wa ọkọ̀. Wọ́n fún mi ní kánún tí wọ́n pò mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́, mo mu ún fún ọjọ́ méjì, ó kàn dà bí ẹni tó ń da epo sí iná ni.

Ìyá mi dé láti ibi òkú. Ó wo bí mo ṣe ń rìn, ó mọ̀. Kò bínú. Ó ní odò ni mo ti kó o, pé ẹni tó bá ń rìn á ní ohun tó máa bá a padà wálé. Ó se omi fún mi, ó sọ fún ìyàwó mi pé jẹ̀díjẹ̀dí ló ń dà mí láàmú, nítorí ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni, kò yẹ kí ìyá ọmọ máa gbọ́ ọ. Ìyàwó mi gbà bẹ́ẹ̀. Kò tilẹ̀ fi ata sínú ọbẹ̀ mi mọ́.

Egbò kan wà lẹ́sẹ̀ ìyá mi tí wọ́n ń bá a wẹ̀ ní dìsípẹ́ńsárì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kí n jẹ́ kí a jọ lọ. Bí ó ṣe wá jẹ́ pé ìyá mi jókòó tì mí lórí bẹ́ńṣì nìyẹn.

Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ kì í ṣe dọ́kítà, ṣùgbọ́n dọ́kítà ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ Ìjùmú ni, onígbàgbọ́, àgbàlagbà tí aṣọ funfun rẹ̀ kì í ní àbàwọ́n. Kò sí ẹni tó ń tọ́jú àtọ̀sí bíi tirẹ̀ ní gbogbo agbègbè yẹn. Ó ní pẹnisílìn nínú ìgò kéékèèké, ó máa ń mì ín kí ó tó fà á, ó sì funfun bí omi ọmú. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta, ọ̀kan lóòjọ́. Òfin kan wà tó ṣe fún ara rẹ̀: tí o kò bá tíì mú ẹni tí o bá sùn wá, tàbí kí o sọ ibi tí wọ́n ti lè rí i, kò ní gún ẹ̀kẹta fún ọ. Ó máa jẹ́ kí méjì àkọ́kọ́ tù ọ́ lára díẹ̀, lẹ́yìn náà á fi ẹ̀kẹta dè ọ́. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló bú u nítorí èyí. Mo ti rí ọmọ ogun kan tó mú obìnrin mẹ́rin tọ̀ ọ́ wá lọ́jọ́ kan, tí àwọn obìnrin náà ń jà lójú ọ̀nà.

Ó bi mí, obìnrin mélòó ni. Mo ní ọ̀kan, ní ìsàlẹ̀ odò. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ní, “Ìyàwó ilé ńkọ́?”

Kí n tó la ẹnu, ìyá mi ti dáhùn láti orí bẹ́ńṣì. “Ìyàwó ilé ń fún ọmọ lọ́mú. Èmi fúnra mi ni mo ń sùn tì í. Dọ́kítà, ọmọ tí mo bí kì í ṣe ẹranko.”

Àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ojú sókè, ó wò mí, bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró. Mo mọ̀ nísinsìnyí pé ó dúró pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń fún mi láyè. Ó ní, “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

Mo wo ẹsẹ̀ ìyá mi tí wọ́n fi báńdéèjì dì. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.”

Òun náà ọmọ ilẹ̀ wa ni. Ó mọ ohun tí ọmọ lọ́mú jẹ́. Ó tẹ orí síwájú, ó ní, “Ẹ káre. Àwọn tí kò lè ní irú sùúrù yìí ló pọ̀ jù.” Ó sì pa ìwé náà dé.

Inú mi dùn nígbà tó yìn mí. Kí n má parọ́, inú mi dùn. Ìyá mi sọ ọ́ fún gbogbo ilé pé dọ́kítà yin ọmọ òun níwájú èrò.

Lẹ́yìn tó gún mi tán ni ó tó ṣàlàyé ìdí tó fi ń bèèrè. Ó ní lára ọkùnrin, àrùn yìí máa ń ké, ìyẹn ló ṣe ń tètè wá ìwòsàn. Lára obìnrin, ó máa ń dákẹ́. Á wọ inú lọ, á jókòó síbi tí ọmọ máa ń gbà, á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Tí wọ́n bá tètè gún un lábẹ́rẹ́, ó tán. Tí wọn kò bá gún un, ọ̀nà náà lè dí, kò sì sí abẹ́rẹ́ tó lè ṣí i mọ́. Ó ní, “A dúpẹ́ pé tiyín kò wọlé.” Ìyá mi ṣe àmín.

Mo gba abẹ́rẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó kọ lẹ́tà fún mi, kí n mú obìnrin ìsàlẹ̀ odò náà lọ sí dìsípẹ́ńsárì tiwọn. Mo mú un lọ. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin máa ń sọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sómi, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe irú wọn. Ó bú mi láti ibi tó ti ń yan ẹja títí dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí ló dé tí n kò kú sómi, àmọ́ ó wọlé, wọ́n gún un. Mo padà sínú ọkọ̀ bí ẹni tó ṣe ohun rere.

Lójoojúmọ́ ni mo ń sọ fún ara mi pé lọ́la ni n óò wí. Kò sí ohun tó ṣòro nínú rẹ̀. Kí n kàn dá nìkan lọ, kí n sọ fún ọkùnrin aláṣọ funfun yẹn pé mo parọ́. Ṣùgbọ́n ó ti yìn mí. Ìyàwó mi á sì ní láti wá jókòó sórí bẹ́ńṣì yẹn pẹ̀lú ọmọ lọ́mú, gbogbo Ọwọ́rọ̀ tó wà ní Lọ́kọ́ja á sì mọ ìdí tó fi jókòó síbẹ̀. Mo ń gbọ́ orúkọ náà létí mi. Abọ́mọdumú.

Kò pé oṣù kan, ibà mú ìyàwó mi. Ó di ìsàlẹ̀ inú rẹ̀ mú, ó ká jọ lórí ẹní. Ìyá mi se àgbo ibà. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe ibà. Mo lọ sọ́jà, mo ra hóró oògùn funfun lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, èyí tí wọ́n ní ó ń wo àtọ̀sí. Mo gbé e fún un, mo ní oògùn ibà ni. Ó lo ọ̀kan. Ìyá mi rí i, ó ní oògùn òyìnbó á bọ́ sínú ọmú, ó kó ìyókù jù sẹ́yìn ilé, àwọn adìyẹ wá ṣà á wò. Mo dúró níbẹ̀, mo wo àwọn adìyẹ náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ìyá mi wà lẹ́yìn ilé, ìyàwó mi sọ̀rọ̀ láti orí ẹní, ohùn rẹ̀ kò lágbára. Ó ní, “Baba ọmọ mi, ṣé kò sí nǹkan tó yẹ kí n mọ̀?”

Mo ní, “Kò sí.”

Ìrora náà lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ó dìde, ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ rìn, ó fi ọmú sílẹ̀, ìyá mi padà sábúlé, èmi padà sí yàrá ìyàwó mi pẹ̀lú iyì. À ń dúró. Ọdún kan. Ọdún kejì. Ọdún kẹta, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí ránṣẹ́ wá bèèrè. Ọdún kẹrin, kò bèèrè mọ́, ó ń sọ̀rọ̀ sí ìyàwó mi lójú. Ó ní obìnrin tó bí ẹyọ kan tó sì ti ilẹ̀kùn, ohun kan ló ń bo mọ́lẹ̀. Ìyàwó mi mu gbogbo ohun tí wọ́n ní kó mu. Ó gbààwẹ̀. Ó wẹ̀ nínú odò ibi tí omi dúdú àti omi funfun ti pàdé, nítorí ẹnì kan ní omi méjì ló ń ṣí inú. Èmi ni mo fi ọkọ̀ kékeré gbé e lọ. Èmi tí mo mọ ìdí rẹ̀ ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú kó má baà rì.

Wọ́n ní kí n fẹ́ ẹlòmíràn. Mo kọ̀. Ni wọ́n bá tún ń yìn mí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ìyàwó mi, wọ́n fi mí ṣe àpẹẹrẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kì í lọ. Obìnrin méjì ní àdúgbò wa lo orúkọ mi láti fi bú ọkọ wọn. Ojú kì í tì mí láti gba ìyìn tó bá tọ́ sí mi, àmọ́ ìyẹn, n kò lè gbé e mì.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ mi gan-an kò jẹ́ kí n sinmi. Tí ọkọ̀ bá súnmọ́ èbúté, àwọn ọmọdé máa ń sáré wá sétí omi láti wò ó. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ rí wọn, nítorí èmi ni mo wà níwájú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí wá àwọn tèmi tí a kò bí láàárín wọn. Màá ní èyí tó wọ ṣòkòtò pénpé yẹn, bó ṣe yẹ kí èkejì ga nìyẹn. Èyí tí wọ́n gbé pọ̀n yẹn, ìkẹrin. Ní ọjọ́ kan mo gbàgbé láti ké, ọ̀gá ọkọ̀ sì pariwo mọ́ mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ọkọ̀ kò há. Ó ku díẹ̀. Ní èbúté ìsàlẹ̀ odò, obìnrin ẹlẹ́ja náà ṣì wà. Ọmọ mẹ́ta ló bí lẹ́yìn tí mo mú un lọ, fún ọkùnrin tó fẹ́ ẹ. Ó máa ń rán èyí àkọ́kọ́ láti gbé ẹja wá fún mi, kò sì gbà kí n sanwó.

Lẹ́yìn òmìnira, ọmọ wa ti tó ọmọ ọdún mẹ́jọ, a gbọ́ pé dọ́kítà obìnrin kan, òyìnbó, wà ní ọsibítù tó ń wo irú ọ̀rọ̀ yìí. Ìyàwó mi ní kí a lọ. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Yàgbà ló ń túmọ̀ fún wa. Dọ́kítà wò ó fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn aṣọ ìkélé, lẹ́yìn náà ó jókòó, ó ń bèèrè ọ̀rọ̀. Ó bèèrè bóyá inú ti rún un rí tòun ti ibà lẹ́yìn ọmọ àkọ́kọ́. Ìyàwó mi ní bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tí ọmọ wà lọ́mú. Dọ́kítà kọ ọ́ sílẹ̀, ó wò mí, ó sọ nǹkan.

Nọ́ọ̀sì ní, “Dọ́kítà ní, ṣé ọkọ yín ti ṣe àtọ̀sí rí?”

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọkọ mi? Rárá o. Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Lọ́kọ́ja. Ọkọ mi kì í ṣe irú wọn. Nígbà tí mo ń tọ́mọ pàápàá, ìyá rẹ̀ ló ń sùn tì mí, kò —”

Ó dúró síbẹ̀. N kò wo ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń wò lórí itan rẹ̀. Ọwọ́ náà ṣí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ohun tó ti ń dì mú láti ọjọ́ pípẹ́ ti bọ́.

Mo ní, “Mo ṣe é. Ìgbà yẹn ni. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́.”

Nọ́ọ̀sì náà kò túmọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ wò mí. Nígbà tó sọ ọ́ fún dọ́kítà, dọ́kítà kò bínú, ó kàn fi bírò sílẹ̀. Ó ní ojú ọ̀nà tí ọmọ ń gbà ti lẹ̀ mọ́ra, ọ̀tún àti òsì. Ó ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún mi yẹn, tí wọ́n bá gún ìyàwó mi náà ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ṣeé ṣe kí ó máà rí báyìí. Ní báyìí kò sí ohun tí abẹ́rẹ́ lè ṣe.

À ń rìn lọ sílé. Ó máa ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ yẹn ó ṣáájú. Kò sunkún, kò pariwo. Nígbà tí a dé abẹ́ igi máńgòrò níbi tí kò sí ènìyàn, ó dúró láìwẹ̀yìn.

Ó ní, “Ẹni tí ẹ ti ara rẹ̀ kó o, ṣé ẹ mú òun lọ gba abẹ́rẹ́?”

“Mo mú un lọ.”

“Ó bímọ?”

“Mẹ́ta.”

Ó ní, “Mẹ́ta,” ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, bí ẹni tó ń gba iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ó tún ń rìn. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé, ó ní ohun kan ṣoṣo ni òun fẹ́ lọ́wọ́ mi. “Ẹ lọ sọ fún ìyá yín. Kì í ṣe fún èmi, èmi ti gbọ́. Ìyá yín ni kí ẹ sọ fún, kí wọ́n gbé ẹrù yìí kúrò lórí mi.”

Mo lọ. N kò jẹ́ kó di ọ̀la. Mo gun kẹ̀kẹ́ dé abúlé, mo bá ìyá mi níwájú ilé níbi tó ti ń pa ẹ̀gúsí. A kí ara wa bí àwa Ọwọ́rọ̀ ṣe ń kí, òkun o, òkun o. Mo jókòó sílẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀: òjò, ọjọ́ mẹ́rin tó fi lọ síbi òkú, àtọ̀sí, irọ́ tí mo pa lórí bẹ́ńṣì, ohun tí dọ́kítà wí. N kò yọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó ń pa ẹ̀gúsí lọ. Nígbà tí mo sọ tán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó ní, “Ta ló kọ́ ọ ní ohun tí wàá sọ?”

Mo ní kò sí ẹni tó kọ́ mi, pé mo bá ìyàwó mi sùn nígbà tí ọmọ wà lọ́mú. Ó ní òun ló ń sùn tì í. Mo rán an létí ọjọ́ mẹ́rin náà.

“Ọjọ́ mẹ́rin? Ìwọ tí o fara dà á ju ọdún méjì lọ, tí dọ́kítà yìn ọ́ níwájú mi, ọjọ́ mẹ́rin péré ni o kò lè fara dà? Ọmọ mi, mo mọ ọ́. Obìnrin náà sunkún, àánú rẹ̀ ṣe ọ́, o wá ń fi ara rẹ ṣe Abọ́mọdumú nítorí rẹ̀.” Ó nu ọwọ́, ó pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi láti inú ilé. “Ẹ wá gbọ́ bí ọmọ yín ṣe fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ tó.”

Mo tún un sọ níwájú bàbá àgbà náà. Ó gbọ́ ọ parí. Ó ní orí mi dára, pé ọkùnrin tó lè da irú ẹrẹ̀ yìí sí ara rẹ̀ nítorí obìnrin ṣọ̀wọ́n. Wọ́n fún mi ní iṣu kí n gbé lọ sílé.

Ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí mo dé. Ó bèèrè ohun tí wọ́n sọ. Mo ní wọn kò gbà. Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ, ó mú èyí tí kòkòrò ti jẹ, ó jù ú nù.

Ó ní, “Irọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ pa á, gbogbo ayé gbà á. Òtítọ́ yìí, ẹ ó máa tún un sọ ni.”

Bó ṣe rí nìyẹn. Mo ti sọ fún ìyá mi nígbà méje tàbí mẹ́jọ. Mo sọ fún àwọn àbúrò mi. Mo sọ fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lójú omi, wọ́n ní ọtí ti ń mú mi. Mo wá ọkùnrin aláṣọ funfun náà lọ sí dìsípẹ́ńsárì, wọ́n ní wọ́n ti gbé e lọ sí ìlú mìíràn, kò sì pẹ́ tó fi kú. Nísinsìnyí mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ mi tí kò mọ̀wé púpọ̀, pé kò sí ohun tí obìnrin yìí ń bo mọ́lẹ̀. Èmi ni.

Ìyá mi ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran tó mọ́, ṣùgbọ́n ó mọ ìró kẹ̀kẹ́ mi. Tó bá ti gbọ́ ọ, ó máa ń ní kí wọ́n gbé àpótí síta fún mi, kí wọ́n sì pe àwọn ìyàwó ilé jọ. Wọ́n á jókòó yí mi ká. Tí mo bá ti ń sọ ọ́, wọ́n á máa wo ara wọn, wọ́n á máa mi orí, ọ̀dọ́ kan nínú wọn á sì wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kí Ọlọ́run fún òun ní irú ọkọ yìí.